Búùtù Aago Méjì

Ìgbà àkọ́kọ́ tí búùtù ọkọ̀ náà ṣí fúnra rẹ̀, aago méjì ọ̀sán ni, Ìyá Àgbà sì ń sá aṣọ. Ó tì í padà, ó bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kejì, aago méjì, ó tún ṣí. Lọ́jọ́ kẹta, Ìyá Àgbà gbé àga síta láti ṣọ́ ọ. Bí aago ṣe lù, búùtù ró kọ̀, ó sì gbéra sókè díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń rọra ṣílẹ̀kùn kó má baà jí ọmọ.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń ránṣọ ló ra ọkọ̀ náà ní àlòkù. Àbùkù kan ṣoṣo tó ní ni pé ẹ̀yìn rẹ̀ wálẹ̀, bíi pé ẹrù wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ òfìfo ni. Wọ́n pààrọ̀ sípíríìnì títí, kò gbọ́.

Wọ́n pe mẹkáníìkì tí àdúgbò ń pè ní Baba Sípánà. Ó ní ọ̀nà márùn-ún ni búùtù yìí ń gbà ṣí: kọ́kọ́rọ́, bọ́tìnì ara kọ́kọ́rọ́, irin kékeré ẹ̀gbẹ́ àga awakọ̀, àga ẹ̀yìn téèyàn lè dà wá síwájú, àti ọwọ́ ìfà kan nínú búùtù gan-an, tó ń tàn nínú òkùnkùn, nítorí ẹni tó bá há síbẹ̀. Ó yọ wáyà bọ́tìnì. Ó gé okùn irin kékeré náà. Ó fi nọ́ọ̀tì méjì de àga ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ó ní òun ò fẹ́ fọwọ́ kan ọwọ́ ìfà yẹn.

Ìyá Àgbà ní, "Yọ ọ́. Ta ló fẹ́ máa gbé inú búùtù?"

"Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ o, Mà."

Ó yọ ọ́. Ìyá Àgbà so ó mọ́ etí ìró rẹ̀, torí kì í sọ nǹkan nù. Ó wá ku kọ́kọ́rọ́ nìkan.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọ rẹ̀ kó aṣọ inú búùtù wọlé, ó jáde wá tì í, ó mú kọ́kọ́rọ́ sápò, ó fẹsẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Aago méjì lù. Búùtù ò ṣí. Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín músẹ́. Agídí ọkọ̀ ò lè ju ti àgbà lọ.

Ìgbà yẹn ló ṣàkíyèsí pé ilé dákẹ́. Ọmọ-ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún méje tí gbogbo wọn ń pè ní Aláròyé, kì í dákẹ́ àfi tó bá ń sùn, kò sì sí lórí ibùsùn. Ó pè é. Ó tún pè é. Láti inú búùtù ni nǹkan ti ń ró: kó, kó, kó.

Eré ìfarapamọ́ ni ọmọ náà ń ṣe, ó sì kó sínú búùtù nígbà tí ìyá rẹ̀ ń kó aṣọ wọlé. Ìyá Àgbà ní kí aládùúgbò sáré lọ gba kọ́kọ́rọ́ wá, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù jìnnà, irin ọkọ̀ sì ti gbóná débi tó ta á lọ́wọ́. Ó fi òkúta fọ́ gíláàsì, ó wọ inú ọkọ̀. Ó fa irin kékeré; okùn rẹ̀ ti gé. Ó di nọ́ọ̀tì àga ẹ̀yìn mú, ó ń yí i títí èékánná rẹ̀ fi ya. Ọwọ́ ìfà ń gún un ní ìbàdí. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n dí gbogbo ọ̀nà. Ìró náà ti ń rẹlẹ̀.

Ó fi nọ́ọ̀tì náà sílẹ̀. Nọ́ọ̀tì ò dúró, ó ń yí lọ. Kò yára, ó ń yí bíi pé oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ ló ń tú u. Ó já bọ́, èkejì tẹ̀lé e. Àga dà wá síwájú, Aláròyé sì rá jáde. Kò làágùn. Ara rẹ̀ tutù bí omi kànga.

"Ta ló tú u fún ẹ?" Ìyá Àgbà béèrè kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Bọ̀dá inú ibẹ̀ ni, Màmá. Wọ́n ní kí ẹ jọ̀ọ́ dá ọwọ́ ilẹ̀kùn àwọn padà. Wọ́n ní aago méjì làwọn máa ń jáde."

Ìyá Àgbà wo inú búùtù. Òfìfo ni.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, Baba Sípánà ti dá ọwọ́ ìfà padà. Kò béèrè ìdí. Ọmọ Ìyá Àgbà ní kí àwọn ta ọkọ̀ náà. Ìyá Àgbà ní a kì í lé ẹni tó yọ ọmọ ẹni. Láti ọjọ́ náà, tó bá ti ku díẹ̀ kí aago méjì lù, á gbé agbọ̀n aṣọ kúrò lẹ́yìn ọkọ̀ kí ọ̀nà lè là. Búùtù á ṣí, ẹ̀yìn ọkọ̀ á gbéra sókè bí ìgbà tí èèyàn bọ́ sílẹ̀. Ìyá Àgbà á ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o," á máa sá aṣọ rẹ̀ lọ. Ní aago mẹ́ta, ẹ̀yìn ọkọ̀ á tún wálẹ̀, búùtù á sì pa dé jẹ́ẹ́.

Lọ́jọ́ kẹfà, ó wálẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó tún wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, bí ìgbà tí ẹni méjì wọlé tẹ̀léra.

Ìyá Àgbà pe Aláròyé. Ó dáhùn láti inú yàrá. Ó pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù. Ìyẹn náà gbé e. Ó wá jókòó, ó ń wo búùtù tó ti pa dé, kò sì pe ẹlòmíràn mọ́.