Ẹ̀wù Tí Abẹ́rẹ́ Tú

Ọjọ́ tí Mẹkáníìkì kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù Abẹ́rẹ́, ẹ má wulẹ̀ rò pé ẹ̀rín ni wọ́n fi pàdé. Ìjà ni.

Abẹ́rẹ́ kọ́ lorúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ o. Àwọn oníbàárà ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí pé ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu rẹ̀ sì mú. Obìnrin aránṣọ ni. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ti tẹ òfin kan mọ́ ọn létí: a kì í rán nǹkan mọ́ iṣẹ́ ẹlòmíì láìkọ́kọ́ tú u wò.

Mẹkáníìkì ní tiẹ̀, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ló ń tún ṣe ní èbúté. Ó gbé ẹ̀wù pupa rúsúrúsú kan kalẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń wọ̀ lójú omi kéèyàn má baà rì.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Okùn rẹ̀ ló já. Ẹ bá mi rán an, mo ń dúró."

Abẹ́rẹ́ mú abẹ, ó tú ẹ̀gbẹ́ ẹ̀wù náà fàà.

"Háà! Kí lẹ ń ṣe yẹn? Okùn ni mo ní ó já, mi ò ní kẹ́ ẹ pa á!"

"Ẹ fara balẹ̀, ọ̀gá. Ẹ̀wù tó máa gbé yín dúró lórí omi, ẹ ò fẹ́ mọ ohun tó wà níkùn ẹ̀?"

Fóòmù ló wà níkùn ẹ̀, fóòmù bẹ́ẹ̀dì lásán tí wọ́n gé wẹ́wẹ́. Abẹ́rẹ́ kó o sínú báàfù omi tó fi ń rẹ aṣọ. Kó tó di pé èèyàn ka ogún, fóòmù ti mumi yó, ó ti rì. Àwọn méjèèjì dúró, wọ́n ń wo ìsàlẹ̀ báàfù.

"Èèmọ̀ rè é," Mẹkáníìkì sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́. "Irú ẹ̀ méjìlélógún la kó jọ. Oṣù tó ń bọ̀ la fẹ́ wọ̀ ọ́ sọdá sókè òkun."

Abẹ́rẹ́ wò ó látòkè délẹ̀. Èébú ti dé ẹnu rẹ̀, ó gbé e mì.

"Ẹ kó gbogbo wọn wá," ló sọ.

Bí ìfẹ́ ṣe yọ́ wọlé nìyẹn. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, Mẹkáníìkì á gbé ẹ̀wù méjì dé pẹ̀lú àpò ike omi òfìfo. Òun á fi gọ́ọ̀mù lẹ ìdérí àwọn ike náà pa, Abẹ́rẹ́ á tò wọ́n sínú ẹ̀wù, á sì fi òwú aláwọ̀ ewé rán an, torí pé òun ló pọ̀ jù ní ṣọ́ọ̀bù. Tí wọ́n bá ti rán ọ̀kan tán, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́ inú báàfù. Á ta padà sókè, àwọn méjèèjì á sì máa rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀wù tí wọ́n ti rán tán tún ń padà wá. Mẹkáníìkì á ní okùn wọn já.

"Abẹ́rẹ́ mi," ó sọ ọ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, "ṣé o mọ̀ pé èmi ni mò ń já àwọn okùn yìí, kí n lè rí ọ?"

"Mo mọ̀. Okùn tó já fúnra ẹ̀ kì í rí bíi pé wọ́n fi abẹ gé e."

Ojú tì í. Abẹ́rẹ́ fẹ́ràn rẹ̀ gan-an lọ́jọ́ náà, ó sì sọ fún un pé òun fẹ́ràn rẹ̀.

Abẹ́rẹ́ mú Mẹkáníìkì lọ rí bàbá òun, apẹja tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń tún àwọ̀n ṣe lẹ́nu ọ̀nà. Baba náà gbọ́ ọ̀rọ̀ Mẹkáníìkì títí, ó gbé àwọ̀n sílẹ̀.

"Ọmọ mi, o níwà, o níṣẹ́ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ kan wà nílẹ̀, ìkejì ti wà nínú omi. Mi ò lè fọmọ fún ẹlẹ́sẹ̀ kan. Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru."

"Bàbá, ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké."

"Àáké, o lè jù ú sílẹ̀ tó bá rẹ̀ ọ́. Òkun ńkọ́?"

Nígbà tí wọ́n jáde, Abẹ́rẹ́ di Mẹkáníìkì lọ́wọ́ mú, omijé ń dà lójú rẹ̀.

"Olólùfẹ́ mi, má lọ. Mo bẹ̀ ọ́."

"Ayọ̀ mi, ọkọ̀ tó ń wá sí èbúté wa ò tó nǹkan mọ́, èmi sì ni ìyá mi ń wò. Yàtọ̀ síyẹn, nínú gbogbo wa, èmi nìkan ló mọ ẹ́ńjìnnì. Wọ́n máa lọ, bí mo lọ bí mi ò lọ. Tí ẹ́ńjìnnì bá kú lójú agbami, ta ló máa tún un ṣe fún wọn?"

Abẹ́rẹ́ ò bẹ̀ ẹ́ mọ́ láti ọjọ́ náà. Inú rẹ̀ bà jẹ́, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ọkùnrin ló wà níwájú òun. Ó mú téèpù, ó wọn àyà rẹ̀: íǹṣì mọ́kàndínlógójì. Ó rán ẹ̀wù tiẹ̀ kẹ́yìn, ó rán an lẹ́ẹ̀mejì níbi àyà.

Wọ́n lọ ní ọjọ́ Ẹtì. Ọjọ́ mẹ́rin kọjá, kò sí ìròyìn. Ní ọ̀sán ọjọ́ karùn-ún, ariwo ta láti etíkun pé àwọn apẹja ti rí èèyàn lórí omi. Abẹ́rẹ́ sáré débẹ̀ láìwọ bàtà, téèpù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

Ọkọ̀ apẹja ń gúnlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gbé èèyàn sọ̀ kalẹ̀ nínú ẹ̀wù pupa, òwú ewé ń hàn lára wọn. Ó ti ka mọ́kànlélógún kó tó rí ẹ̀wù tó rán lẹ́ẹ̀mejì níbi àyà. Onídìrí kan tó lóyún ló wọ̀ ọ́.

"Àǹtí, ẹni tó ni ẹ̀wù yìí dà?"

Obìnrin náà bú sẹ́kún. "Ìgbà tí ọkọ̀ fẹ́ ṣí ni wọ́n fi mí kún wọn, ẹ̀wù ò kàn mí. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì kú tómi ń wọlé, ó bọ́ tiẹ̀, ó fi wọ̀ mí. Ó ní kí n má bẹ̀rù, pé ẹni tó rán an kì í rán irọ́."

"Òun ńkọ́?"

"Ìdí ẹ́ńjìnnì ló wà nígbà tí ọkọ̀ dojú dé."

Abẹ́rẹ́ jókòó sórí iyanrìn. Èèyàn méjìlélógún ló padà wálé, kò sí ẹnì kan nínú wọn tó rì. Inú bí i sí Mẹkáníìkì dé góńgó, ó sì ń fi í yangàn lẹ́ẹ̀kan náà, kò mọ èyí tí òun ì bá sunkún lé lórí.

Ọkọ̀ kan ṣì kù lẹ́yìn. Bó ṣe ń sún mọ́lé, Abẹ́rẹ́ rí i pé bàbá òun ló ń wà á, baba tó ti búra pé òun ò tún wọ òkun mọ́. Látàárọ̀ ló ti yá ọkọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti wá wọn kiri, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹnì kan nà sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, onítọ̀hún fi okùn de kẹ́ẹ̀gì epo òfìfo méjì mọ́ra. Ó ń mí.

"Ọmọ mi," baba ké láti orí omi, "wá gba ọkọ rẹ o! Ó wúwo ju gbogbo ẹja tí mo ti pa rí lọ."

Lẹ́yìn oṣù kan, Mẹkáníìkì dúró gbọnin nínú ṣọ́ọ̀bù, Abẹ́rẹ́ ń wọ̀n ọ́n fún aṣọ ìgbéyàwó.

"Mẹ́tàdínlógójì! Íǹṣì méjì ti sọnù lára rẹ."

"Inú òkun ló wà, Abẹ́rẹ́ mi."

"Kó jókòó síbẹ̀," Abẹ́rẹ́ sọ, ó sì fa téèpù náà pẹ̀lú ọkùnrin rẹ̀ mọ́ra. "Èyí tó kù tó mi."