Lẹ́tà Tí Kò Ṣeé Ṣí Mọ́

Ọjọ́ tí Zàíd kọ́kọ́ wọ bísínẹ́sì sẹ́ńtà wa ní Òṣogbo, kọ̀ǹpútà ló wá tún ṣe, ṣùgbọ́n Bàrákátù ló ń wò. Ó tú ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà, ó tò ó padà, síkúrúù kan sì ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́.

"Bùrọ̀dá, ibo lẹ ti yọ ìyẹn?" Bàrákátù bi í.

"Ojú mi ò sí níbẹ̀ ni."

"Níbo ló wà?"

Zàíd rẹ́rìn-ín, ó ju síkúrúù náà sápò. Èmi Rhoda, tí mo jókòó ti Bàrákátù nídìí iṣẹ́ ìtẹ̀wé, mo ti mọ ibi tí ojú náà wà.

Ọmọ Ìlobù ni Bàrákátù, ọmọ Ìfọ́n ni Zàíd, ìlú méjì tó pààlà tí ìjà ilẹ̀ sì wà láàárín wọn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń dúró de ara wọn kí wọ́n tó wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé. Ìfẹ́ náà wọ̀ wọ́n lára débi pé wọn kì í gbọ́ mọ́ bí mo bá ń pè wọ́n.

Lọ́dún 1998, Zàíd rí ilé-ìwé wọ̀ ní Màléṣíà, ọ̀rọ̀ wọn wá di ti í-meèlì. Àpótí kan ṣoṣo ni gbogbo oníbàárà wa fi ń gba lẹ́tà nígbà náà. Ohun tí ọkọ bá kọ sí ìyàwó, àwa la máa kọ́kọ́ kà á, a ó sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Zàíd mọ̀ wá. Kó tó lọ, ó fi sọ́fíwíà kan tó ń ti lẹ́tà pa sínú kọ̀ǹpútà wa, ó mú irú rẹ̀ lọ, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ Bàrákátù sínú ti wa.

Tí lẹ́tà náà bá dé, wúruwùru ni, kò sí ìtumọ̀ kankan níbẹ̀. Bí Bàrákátù bá tẹ ọ̀rọ̀ àṣírí rẹ̀ báyìí, gbogbo rẹ̀ á tò, á di Yorùbá. Ẹnu kì í yé yà mí. Ọ̀rọ̀ gba inú wáyà tẹlifóònù kọjá òkun, kò sì sẹ́ni tó lè kà á láyé àfi ọmọbìnrin tó jókòó tì mí yìí.

Ìròyìn àwọn lẹ́tà títì náà dé etí bàbá Bàrákátù, Alfa Jàlálù, tó ní ilé kéwú ní Ìlobù. Àwọn ẹbí ti ń kùn tẹ́lẹ̀ pé ṣé kò sí ọkọ ní Ìlobù ni.

"Ọ̀rọ̀ rere wo ló ń fẹ́ kọ́kọ́rọ́?" ni Alfa wí. "Tẹ gbogbo ẹ̀ sórí bébà wá, kí n gbọ́ ohun tí ọmọkùnrin náà ń bá ọ sọ. Bí mi ò bá gbọ́ ọ, gbàgbé ọkọ Ìfọ́n."

Inú Bàrákátù dùn, torí kò sí ohun ìtìjú kankan nínú àwọn lẹ́tà náà. Àmọ́ ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ọ̀gá wa gbé sọ́fíwíà tuntun lé ti àtijọ́ tí Zàíd fi síbẹ̀ lórí. Bàrákátù tẹ ọ̀rọ̀ àṣírí rẹ̀: wúruwùru. Ó tún un tẹ̀: wúruwùru.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá ti tẹ́lẹ̀ padà."

"Kò ṣeé dá padà mọ́. Tuntun ti pa á rẹ́, kọ́kọ́rọ́ rẹ sì bá a lọ."

Bàrákátù kọ̀wé sí Zàíd. Èsì dé ní gbangba, kò sí ìtìpa lórí rẹ̀: "Olólùfẹ́ mi, èmi náà ò lè ṣí i. Orúkọ rẹ ni mo fi tì í. Bí mo bá ti tì í tán, ìwọ nìkan ló kù tó lè ṣí i."

Ẹkún ni Bàrákátù sun dé Ìlobù. Mo bá a lọ kí n lè jẹ́rìí pé kò parọ́. A kúnlẹ̀ sórí ẹní, mo ṣàlàyé títí.

"Ẹ̀rọ náà wá gbé gbogbo ẹ̀ mì?" Alfa bi mí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

"Bàbá," ni Bàrákátù wí, "mo há a sórí."

Ó gbójú sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀. "'Bàrákátù, àyànfẹ́ mi, òjò rọ̀ níbí lónìí. Òórùn ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa gbé mi délé. Ẹ̀rù bàbá rẹ ń bà mí, síbẹ̀ mo fẹ́ràn wọn, torí àwọn ló kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ sísọ. Bí wọ́n bá ní rárá, n kò ní gbé ọ sá lọ. Màá jókòó sẹ́nu ọ̀nà wọn títí wọn yóò fi yọ́nú sí mi.'"

Alfa gbé ọwọ́ sókè. "Ta ló mọ̀ bóyá ò ń hun ún ni?"

Wọ́n wá ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe àwọn ọmọ kéwú. Wọ́n já ọ̀rọ̀ gbà láàárín, wọ́n jù ú sí i kí ó parí rẹ̀.

"'Òórùn ilẹ̀...'"

"'...tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa gbé mi délé.'"

Wọ́n ní kó ka lẹ́tà mìíràn, wọ́n já a gbà níbẹ̀ náà, wọ́n tún padà sí ti òjò. Bàrákátù kò ṣi ọ̀rọ̀ kan pè. Orí mi wú. Nígbà tí wọ́n pe ìrun Aláásárì, Alfa ṣì jókòó, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n ń wo ọmọ wọn bí ẹni tí wọn ò rí rí.

"Sùbùhánállàhì," ni wọ́n wí jẹ́jẹ́. "Ọ̀rọ̀ tí o tọ́jú báyìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré."

Ọdún kejì ni Zàíd dé. Lọ́jọ́ yìgì, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Alfa, àwọn ẹbí Ìfọ́n sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Alfa kò ní kó dìde. Wọ́n pa ojú dé.

"'Òjò rọ̀ níbí lónìí,'" ni wọ́n wí. "'Òórùn ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa gbé mi délé.'"

Zàíd gbé orí sókè. Ó wo Bàrákátù, ó wò mí, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀.

"Bàbá, ta ló ṣí i?"

Alfa ń ka tiwọn lọ, ní ohùn tí wọ́n fi ń ka Kùránì. Wọn ò fo ọ̀rọ̀ kan. Ìgbà tí wọ́n dé "'n kò ní gbé ọ sá lọ,'" wọ́n la ojú, wọ́n wò ó.

"O ò sì gbé e sá lọ," ni wọ́n wí. "Dìde, ọmọ mi. Èmi ni mo fà á lé ọ lọ́wọ́."