Wọ́n Fi Lọ́fíńdà Bo Egbò

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, Monínúọlá jókòó sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní Òkè-Ìlá, ó ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì Igbemo. Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń kán an lójú mọ́. Oòrùn àárọ̀ ń yá a lẹ́yìn, rédíò ń sọ̀rọ̀ lójú fèrèsé, ara tù ú. Bí ó ṣe gbọ́ ìró ọkọ̀ àbúrò rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà nìyẹn.

Rẹ̀mílẹ́kún ni àbúrò yìí ń jẹ́, òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ni. Ó sanra, kì í sì í ṣe sísanra tí à ń fi yangàn pé ayé yẹni. Eékún ń dùn ún, ṣúgà ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, bó bá sì sùn, híhanrun rẹ̀ máa ń dáwọ́ dúró lójijì bí ìgbà tí wọ́n fún un lọ́rùn, kí ó tó tún fà á pẹ̀lú ariwo.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí mi." Ojú rẹ̀ ń dán. "Mo ti rí ẹni tó máa ṣe é fún mi. Ọjọ́ Ajé ni."

"Ṣe kí ni?"

"Iṣẹ́ abẹ ikùn náà. Dókítà Ayọ̀rìndé ni, èyí tó ní ọsibítù lójú ọ̀nà Ìgèdè. Alàgbà ni ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Baba Tiwalọpẹ́ mọ̀ ọ́n dáadáa."

Baba Tiwalọpẹ́ ni Adébíyìí, ọkọ Rẹ̀mílẹ́kún. Monínúọlá ti atẹ ìrẹsì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí inú bá ń bí i, èdè ulé, ìyẹn Èkìtì, ló máa ń bọ́ sí i lẹ́nu.

"Uṣẹ́ abẹ lọ́jọ́ Ajé! Ṣé àkàrà lo fẹ́ lọ rà ni? Dókítà Morẹ́nikẹ́ ní ọsibítù ńlá ńkọ́? Ṣé kò ní kó o fi oṣù mẹ́fà múra ni?"

Rẹ̀mílẹ́kún fi ọwọ́ nu òógùn ojú rẹ̀. Ó mọ gbogbo ohun tí Dókítà Morẹ́nikẹ́ sọ, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Dókítà náà ti ṣàlàyé fún un pé wọ́n á gé apá tó pọ̀ nínú àpòlúkù rẹ̀ dànù, kí oúnjẹ díẹ̀ lè máa yó o. Ó ní ohun tí wọ́n bá gé kò tún ní hù, nítorí náà ara gbọ́dọ̀ ti gbáradì. Wọ́n á yẹ ọkàn rẹ̀ wò, wọ́n á wo bó ṣe ń mí lójú oorun, wọ́n á kọ́kọ́ mú ṣúgà náà wálẹ̀. Yóò máa rí onímọ̀ nípa oúnjẹ, yóò kọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ díẹ̀, tí wọ́n ń jẹ ẹ́ lẹ́nu kúnná, tí wọn kì í sì í mu omi sí oúnjẹ. Yóò máa rìn lójoojúmọ́. Kò ní fẹnu kan àgbo kankan. Bí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ bá kù díẹ̀, oúnjẹ tó ń ṣàn nìkan ni yóò máa mu, kí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ lè súnkì, kí ó má baà dí abẹ lọ́nà.

"Àǹtí mi, ẹ̀yin kọ́ lẹ ń lọ síbi iṣẹ́," Rẹ̀mílẹ́kún dáhùn. Ohùn rẹ̀ ti fẹ́ di ẹkún. "Oṣù mẹ́fà ti pọ̀ jù."

Monínúọlá mọ ohun tó ń tọ́ka sí. Wọ́n ń ṣèpàdé lọ́fíìsì lọ́jọ́ kan ni àga rọ́bà kán mọ́ Rẹ̀mílẹ́kún nídìí. Ó ṣubú yakata. Dípò kí wọ́n gbé e dìde, obìnrin kan tó ń jẹ́ Bùkọ́lá yọ fóònù, ó ń ya á, ó ń rẹ́rìn-ín. Kí ilẹ̀ tó ṣú, fídíò náà ti dé ilé-ìwé Tiwalọpẹ́ ọmọ rẹ̀. Látọjọ́ náà ni Rẹ̀mílẹ́kún kò ti fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ sùúrù mọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé mọ́, Monínúọlá bá wọn lọ, bí ọkàn rẹ̀ kò tilẹ̀ lọ. Ó ń gun àtẹ̀gùn ọsibítù náà ni òórùn kan ti kọ lù ú: ìtọ̀ àná, Ìzàlì tí wọ́n fi ń fọ ilẹ̀ àti ẹran tó ti ń bàjẹ́. Ìdọ̀tí pupa ti gbẹ mọ́ ibi tí wọ́n ti ń fọwọ́. Nínú yàrá tí wọ́n fi Rẹ̀mílẹ́kún sí, ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn ti dúdú mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, aáyán sì ń rìn fàlàlà lórí abọ́ tí wọ́n kó abẹ́rẹ́ sí. Monínúọlá wo Adébíyìí bóyá òun náà rí i. Adébíyìí ń bá dókítà sọ̀rọ̀ ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ẹ jọ̀ọ́, dókítà," ni Monínúọlá fi dá wọn lẹ́nu, "ta ni yóò kun ún lóorun?"

"Èmi náà ni, Màmá. Ẹ fọkàn balẹ̀."

"Ẹ̀yin kan ṣoṣo ni yóò kun ún lóorun, tí ẹ ó sì tún là á? Ṣé ẹ ti ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí fún ẹnì kan rí?"

Dókítà Ayọ̀rìndé rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ọlọ́run ló ń ṣe é, Màmá. Àwa kàn jẹ́ ohun èlò ni."

Ó yíjú sí Rẹ̀mílẹ́kún. "Ṣé o jẹun láàárọ̀?"

"Ẹ̀kọ mímu ni, sà, àti àkàrà díẹ̀."

"Ìyẹn kò burú."

Dókítà Morẹ́nikẹ́ ti sọ ọ́ yékéyéké pé ẹni tí wọ́n bá fẹ́ kun lóorun kò gbọdọ̀ jẹun láàárọ̀ ọjọ́ náà, pé oúnjẹ lè yí padà lọ́nà ọ̀fun, kí ó gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ, kí ó sì pa onítọ̀hún. Monínúọlá lanu láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n dókítà ti ní kí wọ́n di ojú, ó ti ń gbàdúrà. Àdúrà náà gùn. Adébíyìí ń ké "Àmín" débi pé àwọn nọ́ọ̀sì ń yọjú. Monínúọlá kò di ojú, kò sì ṣe àmín.

Kí ó tó rí àyè sọ̀rọ̀, wọ́n ti ti Rẹ̀mílẹ́kún wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Ó jáde láàyè. Bó ṣe sùn síbẹ̀ tí kò mọ ibi tó wà, dókítà yọ fóònù, ó ya fọ́tò rẹ̀, ó ní òun fẹ́ gbé e sórí ayélujára kí àwọn ènìyàn lè rí iṣẹ́ Olúwa. Obìnrin tó ń sá fún fóònù Bùkọ́lá ló tún bọ́ sójú fóònù ẹlòmíràn yìí, pẹ̀lú ẹnu tó là sílẹ̀. Monínúọlá bọ́ aṣọ ìborùn rẹ̀, ó fi bo àbúrò rẹ̀ lójú.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn ará ilé ọkọ gbé iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí wá. Lọ́dọ̀ tiwọn, aláìsàn tí kò bá jẹ iyán kò tíì fẹ́ yá.

"Ẹ má fún un!" Monínúọlá dìde. "Omi ni Dókítà Morẹ́nikẹ́ ní kó máa tọ́ wò ní báyìí, díẹ̀díẹ̀. Bí ìyẹn bá dúró, ó kan omi ọbẹ̀ tí wọ́n sẹ́ àti ẹ̀kọ tó ṣàn. Ó di ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kó tó kan oúnjẹ líle."

Dókítà ló yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ó ń kọjá lọ, ó fi ẹ̀rín sí i: "Òkèlè kan méjì kò lè pa á. Ó nílò okun."

Rẹ̀mílẹ́kún jẹ ẹ́. Kí oòrùn tó wọ̀, ó di èjìká mú. "Àǹtí mi, èjìká òsì mi ń dùn mí." Ara rẹ̀ ń jó bí iná. Àyà rẹ̀ ń lù kìkìkì, bí ẹni tó sáré gun òkè. Wọ́n pe dókítà. Ó ní afẹ́fẹ́ ni, ó gún un lábẹ́rẹ́, ó lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì rẹ̀, egbò náà ti ń ṣomi. Kì í ṣe ọyún nìkan ló ń jáde. Omi aláwọ̀ ewé ni, èérún ẹ̀gúsí sì wà nínú rẹ̀. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo yàrá. Ibẹ̀ ni Dókítà Ayọ̀rìndé wọlé pẹ̀lú agolo lọ́fíńdà lọ́wọ́, ó ń fọ́n ọn káàkiri: sára ògiri, sára aṣọ títa, sórí bẹ́ẹ̀dì gan-an.

"Kí lẹ ń fọ́n?" Monínúọlá bi í.

"Àwọn alàgbà ń bọ̀ wá kí i. Kò yẹ kí wọ́n bá òórùn níbí."

Monínúọlá ti tọ́jú ọmọ, ó ti tọ́jú òkú, kò sí ohun tó ń jáde lára ènìyàn tó lè lé e sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n nígbà tí òdòdó èké inú lọ́fíńdà yẹn dà pọ̀ mọ́ òórùn ikùn àbúrò rẹ̀, ó sáré síta, ó bì. Nígbà tó padà, ó ti nu ẹnu rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ti le.

"À ń gbé e lọ."

"Bí ẹ bá gbé e kúrò níbí, ọwọ́ mi kò sí níbẹ̀ mọ́," ni dókítà wí. "N kò sì ní kọ nǹkan kan fún ọsibítù kankan."

Adébíyìí wólẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́. Monínúọlá fa ọkùnrin náà lápá dìde. "Ta lò ń bẹ̀? Lọ gbé mọ́tò wá!"

Ní ọsibítù ńlá, Dókítà Morẹ́nikẹ́ kò bá wọn wí. Ó wo egbò náà, ó béèrè ohun tí wọ́n ṣe nínú ikùn náà. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n sọ. Ó tún ikùn náà là. Nígbà tó jáde, ó jókòó ti Monínúọlá.

"Àpòlúkù tí wọ́n gé, wọn kò rán an bó ṣe yẹ. Ó jò, oúnjẹ ń tú sínú ikùn."

"Ṣé iyán yẹn ló fà á ni?"

"Rírán tí kò dáa ló fà á, iyán wá dá kún un. Màmá, ẹni tí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ yìí fún, tí ibà mú, tí àyà rẹ̀ ń sáré, tí èjìká òsì ń dùn ún, tí mímí ṣòro fún un, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní afẹ́fẹ́. Kíá ni kí ẹ gbé e wá. Bí ẹ bá ti dúró di ọ̀la ni, òkú lẹ bá gbé wá."

Wọ́n fi ẹ̀rọ ran Rẹ̀mílẹ́kún lọ́wọ́ láti mí. Nígbà tó jí tán, wọ́n gbé e lọ sí wọ́ọ̀dù, ó sì bá obìnrin kan tó ń jẹ́ Oore-ọ̀fẹ́ níbẹ̀, tíṣà láti Ìgèdè. Iṣẹ́ abẹ kan náà ni Dókítà Morẹ́nikẹ́ ṣe fún un, ṣùgbọ́n ojú egbò tirẹ̀ kò ju bí ìgbà tí èékánná ha ènìyàn. Ọjọ́ kejì iṣẹ́ abẹ ló ti ń rìn yí wọ́ọ̀dù ká.

"Wọ́n ní kí n máa rìn kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì sí mi lẹ́sẹ̀," ló sọ fún Monínúọlá, bó ti ń tọ́ omi wò nínú ife kékeré. "Ìmúra yẹn sú mi o, mà. Ẹkún ni mo máa ń sun nígbà mìíràn. N kò tíì bọ́ báyìí náà, nítorí wọ́n ní títí ayé ni n ó máa lo oògùn aṣaralóore, n ó sì máa wá fún àyẹ̀wò. Ikùn ni wọ́n gé, wọn kò gé ọ̀fun mi."

Rẹ̀mílẹ́kún kọjú sí ògiri.

Ọ̀pọ̀ oṣù ló fi ń gba oúnjẹ láti inú rọ́bà. Ihò kan kọ̀ láti dí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikùn rẹ̀. Wọ́n so àpò mọ́ ọn kí ohun tó ń jáde lè máa bọ́ síbẹ̀. Ó gbẹ, irun rẹ̀ já, aṣọ ara rẹ̀ dàbí èyí tí wọ́n gbé kọ́ sórí igi.

Àwọn alàgbà wá sílé. Wọ́n ní kí ìdílé fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún Ọlọ́run, kí orúkọ ìjọ má baà bàjẹ́. Adébíyìí ti fẹ́ gbà. Rẹ̀mílẹ́kún ló dáhùn láti orí ibùsùn.

"Èmi ni wọ́n gé. Ẹ̀yin kọ́ lẹ ó fi í sílẹ̀."

Òun àti Monínúọlá fẹjọ́ sun ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó iṣẹ́ àwọn dókítà. Ibẹ̀ ni àṣírí ti tú pé dókítà ni Ayọ̀rìndé lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò kọ́ irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ níbì kankan. Orí fóònù ló ti ń wò ó. Obìnrin méjì mìíràn tún jáde wá sọ tiwọn. Ẹnì kẹta ti kú, àwọn ènìyàn rẹ̀ sì ti fi tirẹ̀ sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Wọ́n ti ọsibítù náà pa, wọ́n gba àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọlọ́pàá sì gbé e lọ sí kóòtù.

Nígbà tí Rẹ̀mílẹ́kún padà síbi iṣẹ́, Bùkọ́lá ló kọ́kọ́ sáré pàdé rẹ̀, ó pàtẹ́wọ́.

"Háà, Madam! Ẹ mà ti wá rí rẹ́gí o! Ẹ jọ̀ọ́, ta ni dókítà yín?"

Rẹ̀mílẹ́kún ká bùláòsì rẹ̀ sókè lójú gbogbo ọ́fíìsì, ó sì fi àpò náà àti ohun tó wà nínú rẹ̀ hàn án. Bùkọ́lá fi ọwọ́ di imú, ó fà sẹ́yìn.

"Ya á," ni Rẹ̀mílẹ́kún wí. "Ṣé fóònù rẹ kò sí lọ́wọ́ ni?"

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, iṣẹ́ abẹ yìí kì í ṣe ohun búburú. Ó ti gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ènìyàn là. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ fún yín pé kò gba ìmúra, ẹ sá fún un, ì báà jẹ́ pé ẹ jọ ń gba Ẹ̀jẹ̀ Olúwa nínú ife kan náà. Ẹ béèrè ibi tó ti kọ́ ọ, ẹ béèrè ẹni tí yóò kunni lóorun àti ibi tí wọn yóò gbé yín lọ bí nǹkan bá yíwọ́. Bí ó bá fi orúkọ Ọlọ́run dáhùn, ẹ dìde, kí ẹ gbọ́nà ilé lọ. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mu omi rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì gbé iyán yín padà. Bí dókítà bá ṣe yín níbi, ẹ fẹjọ́ rẹ̀ sùn, nítorí ẹni tí ẹ bá bò lónìí yóò gé ẹlòmíràn lọ́la. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń fi ara ọmọlàkejì yín ṣe yẹ̀yẹ́ lórí fóònù, ẹ mọ̀ pé ẹ̀rín yín náà wà lára ohun tó ń lé ènìyàn lọ sídìí abẹ burúkú.