Egbò Tí Sàlámì Fi Ṣòkòtò Bò

Ẹni tó bá ń gba àdúgbò Bẹyẹrúnká kọjá láàárọ̀ yóò bá Sàlámì alágbàfọ̀ nídìí tábìlì tó ti ń lọ aṣọ. Ìdúró ni iṣẹ́ rẹ̀ láti ìgbà tó ti ṣe fíríídọ̀mù. Kì í jókòó àfi tó bá fẹ́ jẹun.

Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń wú lálaalẹ́. Lẹ́yìn náà ni egbò yọ lókè ọrùn ẹsẹ̀, ní apá inú. Sàlámì rò pé yóò jiná fúnra rẹ̀. Nígbà tí kò jiná, ó ń fi omi gbígbóná jó o, ó ń tú kápúsù, ó ń da ìyẹ̀fun inú rẹ̀ sí i. Egbò náà kàn ń fẹ̀ sí i ni, omi ń sun lára rẹ̀. Sàlámì bá pa ṣòkòtò pénpé tì, ó di oníṣòkòtò gígùn tòjò tẹ̀ẹ̀rùn.

Kì í ṣe pé kò mọ ọ̀nà ilé ìwòsàn. Ẹ̀rù ló ń bà á. Abdulmumin, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré tó ní àtọ̀gbẹ, ti ní egbò ẹsẹ̀ rí, gígé ni wọ́n sì gé ẹsẹ̀ náà. Nígbàkigbà tí Sàlámì bá rí i tó ń fi ọ̀pá ti abíyá rìn, ẹsẹ̀ tara rẹ̀ ló ń wò.

Hikmat ìyàwó rẹ̀ ló tú àṣírí náà. Ó fẹ́ fọṣọ, ó rí i pé ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan ti gan bíi páálí, ó sì ń rùn. Ó bi ọkọ rẹ̀ léèrè, ìyẹn ní epo ló dà sí òun lára. Hikmat mọ̀ pé egbò ni, ṣùgbọ́n kò bá a jà. Ó gba ilé Abdulmumin lọ lẹ́yìn Ọjà'ba, ó ní kó jọ̀ọ́, kó wá bá òun bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Abdulmumin dé lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀. Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ ti ògiri, ó jókòó.

"Sàlámì, o rò pé dókítà ló gé ẹsẹ̀ mi," ló wí. "Ó gé e lóòótọ́. Ṣùgbọ́n èmi ni mo fi í pamọ́ títí kò fi sóhun mìíràn tí wọ́n lè ṣe sí i mọ́. Dìde, ká máa lọ."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n jọ lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó wà nísàlẹ̀ Màpó. Nọ́ọ̀sì Louisa, abilékọ kan tí ohùn rẹ̀ tutù, ló dá wọn lóhùn. Abdulmumin ròyìn egbò tirẹ̀ àti ti Sàlámì fún un. Nọ́ọ̀sì fọwọ́, ó wọ ìbọ̀wọ́, kò sì bá Sàlámì wí. Sàlámì ń wo ẹnu ọ̀nà, bíi pé wọ́n ń gbé ayùn bọ̀.

Nọ́ọ̀sì bi í bóyá ẹsẹ̀ náà ń dùn ún. Ó ní ó máa ń dun òun tí òun bá ti dúró pẹ́, ṣùgbọ́n tí òun bá gbé e lé ìrọ̀rí, ara a tu òun. Nọ́ọ̀sì fọwọ́ wá ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń lù lórí ẹsẹ̀. Ó ní kí ó dijú, ó ń fi okùn tín-ín-rín kan àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ níbi púpọ̀. Gbogbo rẹ̀ ni Sàlámì mọ̀ lára. Nọ́ọ̀sì wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lápá àti lọ́rùn ẹsẹ̀, ó sì gún un níka láti yẹ ṣúgà wò.

"Ẹ̀yin àti ọ̀rẹ́ yín jọ ní egbò lẹ́sẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú kan náà," ni nọ́ọ̀sì wí fún Sàlámì. "Egbò àtọ̀gbẹ máa ń wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ tàbí ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ó máa ń jìn, ó sì lè má dun èèyàn rárá, torí ẹsẹ̀ náà ti kú tipiri."

Abdulmumin mi orí. Ó ní ìṣó ló gún òun lábẹ́ ẹsẹ̀ nígbà náà, òun ò sì mọ̀ títí òun fi bọ́ bàtà.

"Tiyín ò jìn," nọ́ọ̀sì ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Etí rẹ̀ rí gbágungbàgun, omi pọ̀ lára rẹ̀, awọ tó yí i ká sì ti dúdú. Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà sókè ló ti dẹ̀, nítorí ìdúró ojoojúmọ́. Ẹ̀jẹ̀ ń dé ẹsẹ̀ yín dáadáa, ṣúgà yín ò sì ga."

"Ṣé wọn ò wá ní gé e?" Sàlámì béèrè.

"Wọn ò ní gé e. Báńdéèjì ni yóò gbà, àti sùúrù."

Sàlámì gbójú kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Hikmat ló bá a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Abdulmumin yíjú sí ògiri, ó fi etí bùbá rẹ̀ nu ojú.

Dókítà ilé ìwòsàn náà tún yẹ̀ ẹ́ wò, ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ti nọ́ọ̀sì mu. Wọ́n fọ egbò náà, wọ́n di báńdéèjì láti ìdí ọmọ ìka dé ìsàlẹ̀ orúnkún. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ da kápúsù sí i mọ́, kó máa jókòó lẹ́nu iṣẹ́, kó sì máa gbé ẹsẹ̀ sókè tó bá ń sinmi. Hikmat wá àga gíga kan fún un. Àwọn oníbàárà kọ́kọ́ ń fi alágbàfọ̀ tó jókòó bí ọba ṣe yẹ̀yẹ́, àmọ́ kí ààwẹ̀ tó wọlé, egbò náà ti pàdé.

Ẹ̀yin ará wa, egbò kò jẹ́ irú kan. Èyí tó bá yọ níbàdí tàbí ní gìgísẹ̀ aláìsàn tí kò lè dìde, ojú kan tó ń sùn sí ló fà á. Ẹ máa yí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ padà. Bí ìka ẹsẹ̀ bá tutù, tó dúdú, tó sì ń dùn sí i tí ẹ bá gbé e sókè, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ni kò dé ibẹ̀, báńdéèjì líle sì lè ba irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ jẹ́. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fojú lásán dá egbò mọ̀ nílé. Egbò tí kò bá jiná ní ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ẹ bá ní àtọ̀gbẹ, ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ méjì rárá, bó ti wù kó kéré mọ. Ẹsẹ̀ tí ẹ bá tètè gbé lọ bá nọ́ọ̀sì, òun náà lẹ ó fi rìn padà sílé.