Bátìrì Kejì Wà ní Òkukù

Ní ìjọ Onítẹ̀bọmi kan ní Inísà, sọ́kẹ́ẹ̀tì máa ń tán kí wọ́n tó kọ orin àkọ́kọ́ ní ọjọ́ Ìsinmi. Bí jẹnẹrétọ̀ bá ti dún báyìí, ẹni tí fóònù rẹ̀ kú á dìde, ẹni tó gbé tọ́ọ̀ṣì wá láti ilé á dìde, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń gbé fáànù wá. Ẹnikẹ́ni kì í bínú sí i. Iná ìjọba lè má dé fún odindi ọjọ́ mẹ́ta, jẹnẹrétọ̀ ìjọ sì rèé, ti gbogbo wa ni.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, bátìrì díríìlì ni Adépọ̀jù gbé wá. Sílíìnì ni Adépọ̀jù ń kàn, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì dára débi pé láti Ìkìrun ni wọ́n ti ń wá a wá. Ó wọ yàrá tí àwọn akọrin ń kó aṣọ wọn sí, ó ki ṣájà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, ó fi bátìrì sórí rẹ̀, ó sì lọ jókòó ti ìyàwó rẹ̀, Fọláfúnmi, tó jẹ́ olùkọ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ni ó ra bátìrì náà ní Ìkìrun. Èyí tó bá díríìlì rẹ̀ wá láti ilé-iṣẹ́ ti gbó. Bí ó bá de skúrù mẹ́wàá, ó ti sùn. Ó béèrè irú rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n pè é ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta náírà. Ó ń padà lọ tìbànújẹ́tìbànújẹ́ nígbà tí ọ̀gbẹ́ni kan tó tẹ́ ọjà sórí tapólì lẹ́bàá ọ̀nà pè é.

"Ọ̀gá mi, ẹ wo èyí. Àwọ̀ kan náà, ó sì wọ díríìlì yín rẹ́gí. Ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún ni. Tẹ́ ẹ bá mú méjì, màá gba ọgbọ̀n."

"Ṣé orijínà ni?"

"Kí lẹ fẹ́ fi orijínà ṣe? Ṣé díríìlì mọ̀wé ni?"

Adépọ̀jù rẹ́rìn-ín. Ó gbé bátìrì náà wò, ó rí i pé ó fúyẹ́ ju ti àtijọ́ lọ. Ó rò pé ìyẹn dára, pé apá kò ní máa ro òun lórí àkàbà mọ́. Ó ra méjì. Ọ̀kan jẹ́ tirẹ̀, èkejì jẹ́ ti Ayọ̀dàmọ́lá, káfíńtà kan ní Òkukù. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan náà ni àwọn méjèèjì ti kọ́ṣẹ́, Ayọ̀dàmọ́lá sì ni àbúrò. Ohun tí Adépọ̀jù bá fọwọ́ sí ni òun náà ń fọwọ́ sí. Adépọ̀jù fúnra rẹ̀ ló wọ mọ́tò lọ gbé e fún un.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó dáa?" Ayọ̀dàmọ́lá bi í.

"Irú ẹ̀ lèmi náà ń lò."

Ayọ̀dàmọ́lá kò tún béèrè nǹkan kan mọ́.

Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Gbogbo wa la mọ òwe yìí, gbogbo wa la sì ń gbàgbé rẹ̀ bí a bá ti dé ìdí ọjà. Kò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ tí Adépọ̀jù fi rí i pé bátìrì tuntun náà kì í de ju ogójì skúrù lọ kí ó tó kú. Ó ń gbóná débi pé aṣọ ló fi ń dì í mú. Ó ń rùn bí ike tó fẹ́ jó. Adépọ̀jù ní òórùn nǹkan tuntun ni, yóò lọ.

Pásítọ̀ ti wàásù dé ìdajì ní ọjọ́ Ìsinmi yẹn nígbà tí nǹkan dún gbàù ní yàrá akọrin. Èéfín dúdú ń tú jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn. Àwọn obìnrin sáré kó àwọn ọmọ síta, àwọn ọkùnrin ń bu yẹ̀pẹ̀. Kí wọ́n tó rí iná náà pa, gbogbo aṣọ akọrin ti jó tán, sílíìnì oníke tí Adépọ̀jù fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn ti yọ́ wálẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò farapa.

Adépọ̀jù ló kọ́kọ́ wọ yàrá náà nígbà tí èéfín rọlẹ̀. Ó rí ohun dúdú kan tó lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ògiri, ó sì mọ ohun tó jẹ́. Ó fi ṣọ́bìrì há a kúrò, ó jù ú sínú ọ̀rá, ó gbé e lọ dì mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó bi í léèrè.

Níta, wọ́n ti rí ẹni tí wọn yóò di ẹ̀bi rù. Bàbá Mákánjúọlá ló ń tan jẹnẹrétọ̀ ìjọ láti ọdún mọ́kànlá.

"Jẹnẹrétọ̀ yìí ló gbé iná gíga wá," ni alága ẹgbẹ́ ọkùnrin wí. "Bàbá, ẹ ò wò ó dáadáa."

"Mo wò ó," ni bàbá náà wí. "Iná ẹ̀ péye. Mo fi ojú mi wò ó."

Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ ilé jẹnẹrétọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú gbogbo ìjọ. Adépọ̀jù wà níbẹ̀, kò la ẹnu.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni Fọláfúnmi rí ọ̀rá lẹ́yìn ọ̀kadà ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Ayọ̀mídé, kí nìyí?"

"Pàǹtí ni."

"Bátìrì yín ni. Ẹ̀yin lẹ fi í síná ní ṣọ́ọ̀ṣì."

Adépọ̀jù jókòó sórí pèpéle. "Fọlá, jọ̀ọ́, má jẹ̀ẹ́ kó jáde lẹ́nu ẹ. Ilé àwọn èèyàn ni mò ń wọ̀ ṣiṣẹ́. Tí wọ́n bá gbọ́ pé èmi ni mo dáná sun ṣọ́ọ̀ṣì, ta ló tún máa pè mí?"

"Bàbá Mákánjúọlá ńkọ́?"

"Mo máa lọ bẹ̀ wọ́n. Jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí rọlẹ̀ ná."

Adépọ̀jù kì í ṣe èèyàn burúkú. Ojú ló ń tì í. Inú ń bí mi sí i bí mo ti ń kọ èyí, inú sì ń bí mi sí ara mi náà, nítorí kò dá mi lójú pé èmi ìbá ṣe ohun tó yàtọ̀.

Ní ọjọ́ Túsìdeè, Fọláfúnmi fi agbára mú un lọ sí Ìkìrun, lọ́dọ̀ Jemima. Fọláfúnmi ti kọ́ Jemima rí ní ilé ẹ̀kọ́. Ọmọ náà kàwé nípa iná mànàmáná, ó sì ń tún ìnfátà àti sólà ṣe báyìí. Jemima kúnlẹ̀ kí wọn, ó wo ohun tó wà nínú ọ̀rá, ó sì gbé bátìrì mìíràn tó ti wú kúrò lórí pẹpẹ.

"Irú ẹ̀ rèé, sà. Wẹ́dà kan ló gbé e wá lóṣù tó kọjá, mo sì ti tú u." Ó ṣí ike náà. "Ẹ wò ó. Ọmọ bátìrì mẹ́wàá ló yẹ kó wà níbí. Márùn-ún ni mo bá. Àwọn márùn-ún náà ò kí ń ṣe ẹgbẹ́ ara wọn. Inú láàptọ́ọ̀pù tó ti kú ni wọ́n ti yọ wọ́n, wọ́n wá wé ọ̀rá tuntun mọ́ wọn lára."

"Abájọ tó fi fúyẹ́," ni Adépọ̀jù wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni sà. Nínú èyí tó dáa, pátákó kékeré kan máa ń wà tó ń ṣọ́ ọ. Tó bá ti kún, á dá iná dúró. Tó bá gbóná jù, á dá a dúró. Èyí ò ní nǹkan kan tó ń ṣọ́ ọ. Iná á kàn máa wọlé ni, títí tó fi máa bú."

Fọláfúnmi béèrè pé, "Ṣé gbogbo èyí tí kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ gangan ló rí báyìí?"

"Rárá, mà. Àwọn kan wà tó ṣe é lò. Orúkọ ẹni tó ṣe é máa wà lára ẹ̀, ẹni tó tà á máa ní ṣọ́ọ̀bù, á fún yín ní rìsíìtì, á sì ní kẹ́ ẹ dá a padà tó bá bàjẹ́ láàárín oṣù mélòó kan. Owó tiwọn máa dín díẹ̀ sí ti ilé-iṣẹ́. Kò ní já wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ yẹn. Èyí tó bá já wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹ máa tún òmíràn rà kí ọdún tó yí po, ẹ ò wá jèrè nǹkan kan." Ó wo Adépọ̀jù lójú. "Ṣé ọ̀kan péré lẹ rà, sà?"

Ìyàwó rẹ̀ ló dáhùn. "Èkejì wà ní Òkukù."

"Ẹ pe ẹni náà nísìnyí. Kó má fi síná mọ́ rárá. Kó gbé e síta, kó jìnnà sí ilé."

"Màá pè é tí mo bá délé," ni Adépọ̀jù wí.

Kò pè é. Ó mọ Ayọ̀dàmọ́lá. Yóò béèrè bí ó ṣe jẹ́, yóò sì mọ ohun tó dáná sun ṣọ́ọ̀ṣì, kí ilẹ̀ tó ṣú ọ̀rọ̀ yóò ti rin ìrìn àjò padà sí Inísà. Ìjọ ti mú ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ fún ìdúpẹ́ pé iná kò pa ẹnikẹ́ni. Adépọ̀jù sọ fún ara rẹ̀ pé bí ìdúpẹ́ bá ti kọjá, òun yóò lọ bá a lójúkojú. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ bi í, ó ní òun ti pè é.

Ní ọjọ́ ìdúpẹ́ náà, Ayọ̀dàmọ́lá àti ìyàwó rẹ̀, Ọmọ́jọlá, wá láti Òkukù bá ẹ̀gbọ́n wọn dúpẹ́. Pásítọ̀ ní kí ẹni tó kọ́kọ́ wọ yàrá tó jó bọ́ síwájú wá jẹ́rìí. Adépọ̀jù gba máíkì. Ó sọ bí iná ṣe jó dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì àwọn ọmọdé tí kò sì wọlé. Ó ní ọ̀tá ló rán iná, Ọlúwa ló dá a dúró. Ìjọ ṣe Àmín. Ayọ̀dàmọ́lá dìde dúró, ó ń pàtẹ́wọ́ fún un. Lórí àga tó kẹ́yìn pátápátá, Bàbá Mákánjúọlá ń wo ilẹ̀.

Níta, níbi tí wọ́n ti ń jẹ ìrẹsì, Ayọ̀dàmọ́lá sún mọ́ ọn.

"Ẹ̀gbọ́n, bátìrì yẹn ò gbé mi dé ibì kankan o. Ojoojúmọ́ ni mò ń fi síná."

Àkókò náà rèé. Ṣùgbọ́n alága ẹgbẹ́ ọkùnrin dúró nítòsí pẹ̀lú abọ́ rẹ̀, àwọn akọrin ń kọjá.

"Ṣáà má fi í sílẹ̀ lórí iná kó pẹ́," ni Adépọ̀jù wí.

"Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ tó bá kún? Iná ara ṣájà yẹn ò kí ń yí padà."

"Ṣáà máa wò ó."

"Ó dáa, Ẹ̀gbọ́n. Màá máa wò ó."

Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Gbogbo òtítọ́ tó yẹ kí Adépọ̀jù sọ kò ju gbólóhùn méjì lọ. Ìdajì ìkìlọ̀ ló fún ọmọ ọlọ́mọ, ìdajì náà ló sì burú jù.

Ní ọjọ́ Wẹ́sìdeè, iná dé sí Òkukù ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán. Ayọ̀dàmọ́lá fi bátìrì síná ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ọmọ́jọlá gbé oúnjẹ wá, ó ní kó jáde wá jẹun níbi tí afẹ́fẹ́ wà. Ó kọ̀. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ní kí òun máa wo nǹkan yìí. Ó fa àpótí sún mọ́ ọn, ó sì jókòó tì í. Nígbà tó rí i tó ń wú, ó bẹ̀rẹ̀ sórí rẹ̀ kó yọ ọ́, bátìrì náà sì bú mọ́ ọn lójú. Iná ràn mọ́ agolo tínà tó fi ń po fáníìṣì. Ọmọ́jọlá ló di ẹ̀wù rẹ̀ mú, tó wọ́ ọ jáde. Ṣọ́ọ̀bù náà jó kanlẹ̀.

Láti ilé ìwòsàn ní Òṣogbo ni wọ́n ti pe Adépọ̀jù lórí fóònù ní àárọ̀ ọjọ́ kejì.

"Ẹ̀gbọ́n, Ọmọ́jọlá ni. Dàmọ́lá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lè sọ̀rọ̀ ni. Ó ní kí n pè yín kíákíá. Ó ní kẹ́ ẹ yọ bátìrì tiyín nínú iná, kó má bàa ṣe yín ní ohun tó ṣe òun."

Adépọ̀jù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì sunkún bí ọmọdé.

Ó lọ sí Òṣogbo lọ́jọ́ náà. Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì: ti ṣọ́ọ̀ṣì, ti Jemima, ti ìpè tí kò pè. Ayọ̀dàmọ́lá gbọ́ ọ dé òpin pẹ̀lú báńdéèjì lójú, ó sì yí orí sí ògiri. Títí di ìgbà tí mo fi ń kọ èyí, kò tíì bá a sọ̀rọ̀. Àwọn dókítà sa gbogbo ipá wọn. Ojú méjèèjì kò padà ríran.

Adépọ̀jù jẹ́wọ́ níwájú ìjọ pẹ̀lú. Wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ padà lọ fún Bàbá Mákánjúọlá nílé. Bàbá náà kí wọn dáadáa, ó fún wọn lómi, ó ní kí wọ́n wá ẹlòmíràn.

Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ gbọ́. Bátìrì tí kò ní orúkọ ẹni tó ṣe é, tí owó rẹ̀ kò tó ìdajì ti ẹgbẹ́ rẹ̀, tí ó fúyẹ́ lọ́wọ́ ju èyí tí ẹ ń lò tẹ́lẹ̀, ẹ má rà á. Kò ní èrè. Bí owó kò bá tó, díríìlì oníwáyà ń ṣiṣẹ́, ẹ sì lè lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó ń fúnni ní rìsíìtì kí ẹ béèrè èyí tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n. Èyíkéyìí tí ẹ bá rà, ẹ má fi síná níbi tí èrò pọ̀ sí, tàbí lẹ́bàá aṣọ, pákó àti tínà, ẹ má sì fi í sílẹ̀ kí ẹ jáde. Bí ó bá ń gbóná ju bó ṣe yẹ lọ tàbí tí ó ń rùn, ẹ má lò ó mọ́. Bí ó bá ti ń wú tàbí tó ń rú èéfín, ẹ má bẹ̀rẹ̀ sórí rẹ̀ láti yọ ọ́. Ẹ pa iná láti ibi míta, ẹ kó èèyàn jáde, kí ẹ pe panápaná.

Bí ẹ bá sì ti ra irú rẹ̀ rí, tí ẹ tà á tàbí tí ẹ bá ẹlòmíràn rà á, ẹ pe ẹni náà lónìí. Ẹ má dúró de ìdúpẹ́ kankan. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan ibi tí ẹ̀yin ti ṣìṣe. Ojú á tì yín. Ẹ jẹ́ kó tì yín, kí ẹ sì pè é.