Èbù Kì í Pariwo

Orí àpáta tó wà lẹ́yìn ilé ìwé wọn ní Iloffa nìkan ni nẹ́tíwọ́kì ti máa ń dára. Níbẹ̀ ni Ọpẹ́olúwa jókòó sí, tó ń ka ìtàn lórí fóònù, nígbà tí Sikirat ọ̀rẹ́ rẹ̀ yọjú wò ó, tó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Ọpẹ́, ṣé ara fóònù rẹ ò yá ni? Ojú ìwé funfun báláú, kò sí àwòrán, kò sí nǹkan kan tó ń mì."

"Mo ti pa JavaScript rẹ̀ ni. Òun ló ń mú kí nǹkan máa mì, òun náà ló ń jẹ dátà. Ọ̀rọ̀ nìkan ni mo fẹ́ kà."

"Ahun! Ó yá, ṣí ibi tí mo ti ń ra kọ́ìnì mi, kí o rí nǹkan."

Kọ́ìnì náà, owó orí ayélujára kan tí wọ́n ń pè ní Ìràwọ̀, ti gba ẹnu gbogbo kíláàsì wọn. Ọpẹ́olúwa ṣí i. Ibi tó yẹ kí iye rẹ̀ wà ṣófo. Ìpínrọ̀ kan ṣoṣo ló hàn: kò sí oko, kò sí ṣọ́ọ̀bù kankan lẹ́yìn Ìràwọ̀, àwọn tó ń rà á lónìí ló ń gbé e ga fún àwọn tó rà á lánàá, tí wọ́n bá dáwọ́ dúró, yóò wó.

"Wọ́n ti kọ ọ́ síbí pé yóò wó."

"Ta ló ń ka ìyẹn? Wo tèmi."

Lórí fóònù Sikirat, ìlà kan tó ní àwọ̀ ewé ń gòkè bí ìtàkùn iṣu lára ọ̀pá. Nọ́ńbà ń yí, orúkọ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á ń fò kọjá. Ìpínrọ̀ yẹn ti sá sí ìsàlẹ̀, níbi tí ojú kì í dé. Ọpẹ́olúwa wò ó títí agogo fi lù. Kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀, ó ti tan JavaScript tó pa.

Ní ilé wọn, ọmọ tí ìdánwò àṣekágbá rẹ̀ bá ku ọdún kan máa ń gba èbù iṣu lọ́wọ́ Ìyá Àgbà. Yóò gbìn ín, ohun tó bá kórè níbẹ̀ ni yóò fi san owó ìdánwò. A kì í ta èbù. Ti Ọpẹ́olúwa ti wà nílẹ̀ lẹ́yìn ilé, lábẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ. Ṣùgbọ́n Ọpẹ́olúwa rò ó pé òun á ti ra òmíràn pa dà kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé. Lọ́jọ́ tí Ìyá Àgbà lọ sí ìpàdé ìjọ ní Osi, ọkùnrin kan láti Koro wá ra èbù náà, ó sì kó o lọ. Ọpẹ́olúwa da imọ̀ ọ̀pẹ bo ibẹ̀ pa dà, ó sì fi owó náà ra Ìràwọ̀.

Ìlà náà gòkè sí i lóòótọ́.

"Ṣé kí n tà á?" ó bi Sikirat.

"Kí ló ń lé ọ? Jẹ́ kó gùn díẹ̀ sí i."

Lọ́jọ́ Ajé kan, àwọn tó ti rà á tipẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tà á. Àwọn yòókù rí wọn, wọ́n sáré tà. Ìlà náà pọ́n, ó sì já wálẹ̀ bí èso kaṣú. Ohun tó ṣẹ́ kù fún Ọpẹ́olúwa kò lè ra iṣu kan. Sikirat jókòó tì í lórí àpáta. "Tèmi náà ti lọ," ó wí. Kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn.

Òjò rọ̀. Ìyá Àgbà ṣí imọ̀ ọ̀pẹ, ilẹ̀ lásán ló bá. Ọpẹ́olúwa kúnlẹ̀, ó jẹ́wọ́.

"Ẹ má bínú, mà. Ojú mi ni mo fi rí owó yẹn tó ń dàgbà."

Ìyá Àgbà fi imọ̀ ọ̀pẹ náà sílẹ̀. "O rí i? Láti ìgbà tí mo ti ń dáko, n kò rí iṣu níbi tó ti ń ta rí. Èbù kì í pariwo nínú ilẹ̀. Iṣu jíjẹ wa ló kù. Gbé ọ̀bẹ wá."

Wọ́n gé iṣu jíjẹ náà sí èbù. Títí iṣu tuntun fi dé, gààrí ni gbogbo ilé ń jẹ. Èbù náà kò tó nǹkan, iṣu rẹ̀ kò sì tó owó ìdánwò. Nígbà tí ẹgbẹ́ Ọpẹ́olúwa ń kọ ìdánwò, ebè ló ń ro.

Lọ́jọ́ kan, ó gun orí àpáta, ó pa JavaScript, ó sì ṣí ojú ìwé Ìràwọ̀. Àyè iye owó ṣì ṣófo. Ìpínrọ̀ náà ṣì wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan kò yí pa dà. Ó ti kà á lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ohun tó ń mì ló jẹ́ kó gbàgbé. Ẹni tó bá ta èbù nítorí ohun tó ń gòkè lójú, ebi ló gbìn sílé.