Ọ̀rá Tó Mọ Jantina

A ti sin Jantina, àbúrò mi, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń fún un lóúnjẹ.

Ilé ìwádìí kan ní ìlú Groningen ló gé díẹ̀ lára jẹjẹrẹ ọmú tó pa á. Wọ́n ń fi omi pupa bọ́ ọ nínú àwo, ó sì ń dàgbà lọ bí ẹni pé ẹnikẹ́ni ò kú. Wọ́n ní Jantina fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ sí i kó tó kú. Èmi tí mo wẹ̀ ẹ́, tí mo jókòó tì í títí ó fi dákẹ́, ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi!

Mo lọ síbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ òjò kan. Wiebren, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tọ́jú àwọn àwo náà, bu kọfí fún mi, ó mú bisikíìtì kan ṣoṣo fún mi, ó sì dé agolo rẹ̀ padà kíá.

"Àbúrò mi ń jẹun jù mí lọ níbí," mo ní.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú, mà. Wọ́n ń jẹun gan-an lóòótọ́."

"Ta ni 'wọ́n'? Jantina lorúkọ rẹ̀."

Ojú tì í. Ó ṣàlàyé pé àwọn ti rọ oògùn sínú ọ̀rá róbótó tí ojú lásán ò lè rí, àwọn sì fi èròjà kan bo ara rẹ̀ tó dá jẹjẹrẹ Jantina nìkan mọ̀. Tó bá rí i, á lẹ̀ mọ́ ọn, á tú oògùn sínú rẹ̀.

"Kó lè pa á?"

"Kó lè pa àrùn, mà."

"Àrùn yẹn nìkan ló kù lára rẹ̀ láyé."

Ó ti àwo sábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. Lójú tẹlifíṣọ̀n tó so mọ́ ọn, mo ń wá imú àbúrò mi bí òmùgọ̀. Wiebren kán oògùn sí i. Àwọn ọ̀rá náà tàn, wọ́n pọ́n bí ẹyin iná.

"Jantina, èmi ni," mo sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Àwọn ọ̀rá náà gba ẹ̀gbẹ́ jẹjẹrẹ Jantina kọjá, wọn ò lẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n wá ṣù mọ́ etí àwo níhà ọ̀dọ̀ mi.

"Tábìlì ló fì sápá kan," Wiebren ní. Ó wọ̀n ọ́n. Kò fì. Mo bọ́ sí apá kejì; wọ́n tẹ̀ lé mi. Ó gbé àwo mìíràn wá, èyí tí wọn ò fi èròjà kankan bo ọ̀rá inú rẹ̀. Mo yí tábìlì náà po títí, ìyẹn ò mira.

Ó pa ẹ̀rọ. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Mà, ìgbà wo lẹ ṣàyẹ̀wò ọmú yín kẹ́yìn?"

Mo wọ kóòtù mi, mo jáde.

Ó ṣì ń pè mí lórí fóònù títí dòní. Mi ò tíì lọ ṣàyẹ̀wò náà, kì í sì í ṣe pé ikú ń bà mí lẹ́rù. Jantina nìkan ni ọ̀rá yẹn mọ̀, ọ̀dọ̀ mi ló sì wá a wá. Bí dókítà bá wá rí jẹjẹrẹ lára mi, gbogbo rẹ̀ á ní àlàyé: àrùn lásán ló fà á, kì í ṣe Jantina. Ìgbà yẹn gan-an ni àbúrò mi máa tó kú tán.